Ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́: ohun tí mo rà fún kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn láti Kubwa lọ síbi iṣẹ́

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì ọdún 2025 ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ọyẹ́ sì bo ojú títì bí èéfín. Mo ti kúrò ní Kubwa, mo ti ń gun òkè ẹ̀gbẹ́ Katampe, mo wá dìde dúró lórí pẹ́dàlì kí n lè fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ báyìí, ṣéènì fò: kà! Ẹsẹ̀ mi rì lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà téèyàn tẹ pákó tó ti jẹrà, orúnkún mi lọ gbá irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ akérò tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì fọn fèrè gbọọrọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ náà dé orí òkè. Inú bí mi gan-an, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ni mo gbé ṣéènì yẹn wọ̀. Tuntun ni. Inú páálí ni mo ti yọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni bí mo ṣe ra ṣéènì, fríwíìlì (àkójọ eyín ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin roboto tí ṣéènì ń gùn) àti irin àárín (ibi tí ọ̀pá kíráǹkì ti ń yí) fún kẹ̀kẹ́ yìí, èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tí kò dára, àti ìdí tí ṣéènì tuntun fi lè já èèyàn kulẹ̀ lórí òkè. Tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ onígíà lọ síbi iṣẹ́ ní Abuja níbí, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó máa yọ yín nínú ìnáwó tí mo ṣe.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Utako. Nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù di ₦617 ní oṣù keje ọdún 2023, mo ṣírò owó epo oṣù kan, mo sì rí i pé ọkọ̀ mi ti ń bá àwọn ọmọ mi du owó ilé-ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 mo ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan, onírin, eyín mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibi iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 18. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀, èyí jẹ́ 108 lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọdún kan, mo ti rin nǹkan bíi 5,000 kìlómítà lórí ṣéènì tí mo bá lára kẹ̀kẹ́ náà. N kò wọ̀n ọ́n rí. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi gan-an mọ ṣéènì. Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ̀wé níbi iṣẹ́ wa ní ṣéènì méjì tó ń fa bébà jáde. Bí wọ́n bá ti jẹ, bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní wíwọ́. A máa ń wo ìyẹn lóṣooṣù. Ti kẹ̀kẹ́, mo kàn ń rọ ọ́ìlì sí i ni.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ṣéènì máa ń "fà gùn". Irin rẹ̀ kò fà o. Inú oríkèé kọ̀ọ̀kan ni pínnì ti ń yí nínú ihò rẹ̀. Eruku wọ ibẹ̀, eruku àti ọ́ìlì pò pọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń lọ nǹkan, pínnì sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Oríkèé kan ṣoṣo kò lè hàn sójú. Àmọ́ tó bá jẹ́ oríkèé bí ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn fi ìwọ̀n irun kan tú, gbogbo ṣéènì á wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì sí ibi tí eruku yìí ti ń wọ̀ ọ́ bíi ti àríwá níbí. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku lẹ́búlẹ́bú bọ̀ láti apá Sahara. Bí òjò bá sì dé, ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Kubwa á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rúlà onírin ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ti ike o, nítorí pé ti ike máa ń tẹ̀. Láti pínnì kan sí èkejì lára ṣéènì kẹ̀kẹ́ jẹ́ ìlàjì ínṣì, ìyẹn mílímítà 12.7, ì báà jẹ́ Raleigh àtijọ́ tàbí kẹ̀kẹ́ eléré ìje. Ẹ gbé òdo rúlà sí àárín gbùngbùn pínnì kan. Ẹ kà á. Pínnì 25 gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà ínṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi 1/16 ínṣì kọjá ìlà, ẹ pààrọ̀ ṣéènì lọ́jọ́ náà. Tó bá ti tó 1/8, ẹ má wulẹ̀ ra ṣéènì nìkan, eyín ẹ̀yìn ti bá a lọ. Tèmi, nígbà tí mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo tú ṣéènì àtijọ́ náà látinú ọ̀rá tí mo dì í sí, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wọ̀n ọ́n. Ó ti kọjá 1/8. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá mo ṣì í kà. N kò ṣì í kà.

Àmọ́ kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣéènì kìn-ín-ní tí mo rà, torí pé méjì ni mo rà. Ibì kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń tajà kò bi mí pé gíà mélòó ló wà lẹ́yìn. Ó ká ọ̀kan sínú láílọ́ọ̀nù, ó ní, "Ọ̀gá, èyí ni gbogbo èèyàn ń rà." Kò sí páálí, kò sí orúkọ kankan lára irin náà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Nígbà tí a gbé e wọ̀, ó ń ha eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí èkúté ń jẹ páálí, kò sì gbà kí gíà bọ́ síbi méjì nínú méje. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ aláìnígíà ni, oníbùú 1/8 ínṣì. Kẹ̀kẹ́ onígíà mẹ́fà, méje tàbí mẹ́jọ, 3/32 ló ń lò. Ti onímẹ́sàn-án àti mẹ́wàá tún tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyẹn lọ. Mo gbé e padà, wọ́n nawọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Owó mi wọgbó. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìbéèrè kan péré, "Gíà mélòó?", ì bá ti gba àwa méjèèjì. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tí kò béèrè ìyẹn, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Ìgbà kejì ni mo wá ra KMC, ti iléeṣẹ́ Taiwan, èyí tí wọ́n kọ Z8.3 sí lára páálí rẹ̀, tó wà fún onígíà mẹ́fà sí mẹ́jọ. ₦11,500. Òun ni mo gbé wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun náà ló fò lọ́jọ́ Ajé. Mo ti fẹ́ máa bú u.

Bàbá Jọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí n bú u. Bàbá kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Jos kó tó wá jókòó sí Kubwa, abẹ́ igi máńgòrò kan ló ń lò. Nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò wo ṣéènì rárá. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó fi aṣọ nu fríwíìlì ẹ̀yìn, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó lójú oòrùn.

"Bàbá Ẹniọlá, ṣé o rí eyín yìí?" Ó fi àtàǹpàkò pa á. "Ó ti dà bí èékánná àṣá."

Mo wò ó dáadáa. Eyín tó kéré jù lọ, oní-14 (iye ṣóńṣó tó wà yípo rẹ̀ nìyẹn), ojú rẹ̀ ṣì dúró bó ṣe yẹ: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Oní-18 àti oní-20, tí mo ń lò lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ wọlé, orí wọn ti ṣóńṣó, gbogbo wọn tẹ̀ síbì kan náà. Nígbà tí mo fi ìka ra á, ó ń họ mí lọ́wọ́.

"Ṣéènì àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ báyìí," Bàbá ní. "Àwọn méjèèjì ti jọ gbó, wọ́n ti mọwọ́ ara wọn. O wá gbé ọmọdé lé e lórí, o ní kó máa bá àgbà rìn. Ibi tó bá ti rí òkè, yóò fò."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí a ṣe lè fi fáìlì fá a?"

"Fáìlì kẹ̀? Eyín tó ti jẹ, tí o bá tún fá a, kí ló máa kù? Lọ ra fríwíìlì."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Ṣéènì tó ti gùn kì í jókòó sí ìdí eyín mọ́, òkè eyín ló ń gùn, ó sì ń jẹ eyín náà títí tí yóò fi bá òun mu. Ṣéènì tuntun dé pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, kò rí àyè jókòó. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ní hàn. Tí ẹ bá dìde lórí òkè, tí gbogbo ìwúwo yín wà lórí rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa fò. Ṣéènì oní-₦11,500 tí mo kọ̀ láti rà nígbà tó yẹ ló sọ mí di ẹni tó ń wá fríwíìlì oní-₦14,000.

Ibi fríwíìlì ni ohun tó yẹ kéèyàn rò ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín. Oríṣi méjì ló wà: fríwíìlì, tí a ń yí mọ́ wíìlì lódidi pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ké tíkítíkí nínú rẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì, tí eyín rẹ̀ kàn ń wọ̀ sórí ẹ̀rọ tíkítíkí tó jẹ́ ara wíìlì fúnra rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ yọ wíìlì, ẹ yí eyín sẹ́yìn. Ẹ wo òrùka tó ní ojú kéékèèké ní àárín, níbi tí irinṣẹ́ ti ń wọlé. Tí òrùka náà bá ń bá eyín yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ tí eyín nìkan ń yí, fríwíìlì ni. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó jẹ́ onímẹ́fà tàbí onímèje, fríwíìlì ló sábà máa ń jẹ́. Wọn kì í lè fi ọ̀kan dípò èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé "a máa mú un wọlé".

Lẹ́yìn náà ni iye eyín. Fríwíìlì Shimano tí mo rí fún onímèje, méjì ni. Ọ̀kan lọ báyìí: 14, 16, 18, 20, 22, 24, 28. Èkejì lọ bákan náà títí dé 24, ó wá fò lọ sí 34. Ẹni tó ń tajà, tí òun mọ iṣẹ́ rẹ̀ (òun kọ́kọ́ béèrè pé gíà mélòó, mo sì mọ̀ pé mo ti dé ibi tó dáa), ní kí n mú oní-34, pé Abuja, ìlú òkè ni. Mo rò ó títí. Láti 24 sí 34, ẹsẹ̀ èèyàn á ti máa yí lọ ní ìwọ̀n kan, lójijì á di pé ó ń yí wìrìwìrì láì lọ síbì kankan. Eyín iwájú tèmi kéré jù ní 28. Tí mo bá fi 28 iwájú sórí 28 ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó fún òkè Katampe pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà lẹ́yìn mi. Mo mú oní-28, inú mi sì dùn sí i títí dòní, àlàfo àárín eyín rẹ̀ kò ga ju ara wọn lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Mpape lẹ ń gbé, tàbí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ru ọjà, tàbí eyín kan ṣoṣo ló wà níwájú, oní-34 ni kí ẹ mú, kí ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ kàn kọ́kọ́ rí i pé gíà ẹ̀yìn yín (apá irin tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí èkejì) gba 34, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún 28, wíìlì kékeré òkè rẹ̀ á máa ha eyín ńlá náà.

Ìdí tí mo fi gba Shimano gbọ́ níbi fríwíìlì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1921 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Sakai, ilẹ̀ Japan, fríwíìlì sì ni ọjà tí wọ́n fi sọ ara wọn di ẹni mímọ̀. Mo ra MF-TZ500, ọ̀kan lára àwọn tó rẹlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó wúwo díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irin ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí eyín rẹ̀: wọ́n gé e ní ìgègé, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láwọn ibì kan, kí ṣéènì lè rí ọ̀nà gùn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo yí gíà pẹ̀lú rẹ̀, ó kàn ké "tík", ó ti bọ́ síbẹ̀. Eyín àtijọ́ yẹn, mo máa ń yí gíà, n óò sì dúró kí ó tó ronú.

Yíyọ fríwíìlì àtijọ́ kúrò jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa kẹ̀kẹ́ ni ẹ ń fún un mọ́ wíìlì sí i. Kìlómítà 5,000 ni mo fi ń fún tèmi mọ́ ọn. Irinṣẹ́ rẹ̀ kékeré ni, ó dà bí nọ́ọ̀tù tó ní eyín 12 lẹ́nu, ₦6,000 ni mo rà á. Bàbá Jọ́ọ̀sì da ọ́ìlì sí ìdí rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárọ̀, kò fi sípánà tú u. Ó gbé irinṣẹ́ náà sẹ́nu fáísì, ó fún un pinpin, ó wá gbé wíìlì lódidi kà á lórí kí eyín irinṣẹ́ lè wọ inú òrùka. Ó di táyà mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń wa tirela, ó yí i sọ́wọ́ òsì. Kò mira. Ó ní kí n bá òun dì í mú. A jọ yí i, iṣan ọrùn Bàbá yọ síta, mo ti fẹ́ ní kí ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ló bá dún "kọ̀!", ó tú. Fáísì fẹ́ẹ̀ bá a ṣí kúrò lára tábìlì. Kí ó tó gbé tuntun wọ̀, ó fi gírísì ra ojú ìyí wíìlì náà yípo. Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní, "Nítorí ọjọ́ tí a máa tún yọ ọ́ ni." Tí mẹkáníìkì yín bá fẹ́ gbé fríwíìlì wọ̀ láì fi gírísì sí i, ẹ sọ fún un pé kó dúró.

Ẹ má fi òòlù àti ṣísẹ̀lì tú fríwíìlì o. Mo ti rí wíìlì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ojú ìyí rẹ̀ bàjẹ́, odidi wíìlì ni ẹni náà lọ rà.

Ní ti ṣéènì, KMC yẹn náà ni mo ṣì ń lò, a kàn dá a padà sórí eyín tuntun. Ọjọ́ méjì péré ló ti lò, kò tíì jẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ tó bá a wá, èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ so, tí ẹ sì lè fi pláyà tú nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́. Ti Shimano tí wọ́n fi hàn mí, HG40, ṣéènì gidi ni òun náà, àmọ́ pínnì ìsopọ̀ ló bá a wá: ẹ máa gbá a wọlé, ẹ máa ṣẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ tú u láti ojú ibẹ̀ mọ́. Fún ẹni tó ń gbé nínú eruku wa yìí, tó yẹ kó máa tú ṣéènì fọ̀ déédéé, KMC ni mo máa mú níwájú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára irin ìta rẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ojú (ìyẹn oríkèé) 116 ló sábà máa ń wà nínú páálí, ẹ máa gé e. Ẹ má fi ṣéènì àtijọ́ wé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé àtijọ́ ti gùn. Ẹ ka ojú rẹ̀ ni. Tàbí kí ẹ ṣe bí Bàbá ṣe ṣe: ó gbé ṣéènì ká eyín tó tóbi jù níwájú àti eyín tó tóbi jù lẹ́yìn, láì gba inú gíà kọjá, ó fà á pàdé, ó fi ojú méjì lé e, ó gé e síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ṣéènì tòkúnbọ̀ fún yín, ẹ má rà á rárá. Ẹrù ìyà ẹlòmíì ni.

Eyín iwájú, a kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti ní owó rẹ̀ lápò, mo ti fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá wò ó, ó ní kí n gbé owó mi. Eyín 38 tí mo ń lò níwájú, iṣẹ́ tí 18 ń ṣe lẹ́yìn ni òun fi eyín púpọ̀ pín láàárín ara rẹ̀, nítorí náà kì í tètè jẹ. Wíìlì kékeré méjì inú gíà ẹ̀yìn la pààrọ̀, nítorí eyín wọn ti di abẹ́rẹ́. ₦3,000 ni.

Irin àárín, ìyẹn ibi tí ọ̀pá kíráǹkì ti ń yí nínú ara kẹ̀kẹ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tèmi ń dún "kịn-ịn, kịn-ịn" ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì bá sọ̀ kalẹ̀. Béárìnì onígóólì ló wà níbẹ̀, òjò ti wọ̀ ọ́, gírísì rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mo ra èyí tí wọ́n ti dé pa lódidi, tí omi kò rọrùn fún láti wọ̀, ₦16,000. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ mú dání: ìbú ilé rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, tèmi 68 mílímítà, àti gígùn ọ̀pá rẹ̀ láti orí dé orí, tèmi 122.5. Ẹ wọn èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ọ̀pá bá kúrú jù, eyín iwájú á máa ha ara kẹ̀kẹ́. Kí ẹ sì rántí pé apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí láti tú u. Ẹnì kan tó bá mi dán an wò kí n tó mọ Bàbá kò mọ èyí, ó fi òòlù lu ú títí ojú rẹ̀ fi bàjẹ́ díẹ̀, ó ní ó ti dípẹtà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kù. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ yé fi kọndẹ́mù ọ́ìlì, èyí dúdú tí wọ́n tú láti inú ọkọ̀, sórí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó ń mú kí ariwo dákẹ́. Èmi náà lò ó fún ọdún kan gbáko. Àmọ́ ó nípọn, ó ń fa eruku mọ́ra bí oyin ṣe ń fa èèrà, lẹ́búlẹ́bú irin tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì tún ń bá a jẹ pínnì. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń tú ṣéènì mi, mo ń rẹ ẹ́ sínú ike kẹrosíìnì, mo ń mì í, mo ń nù ún gbẹ, mo ń sá a sóòrùn díẹ̀. Mo wá ń kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sí orí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo tún nù ún, torí pé inú oríkèé ni ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá kù síta, eruku ló ń pè. Ọ́ìlì yẹn fúyẹ́, òjò tètè ń fọ̀ ọ́ lọ, nítorí náà lásìkò òjò mo ń kán an lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgò kékeré kan ti bá mi dé oṣù mẹ́ta.

Gbogbo owó tí mo ná, tí mo bá yọ ṣéènì tí kò wúlò yẹn kúrò: ₦11,500 fún ṣéènì, ₦14,000 fún fríwíìlì, ₦3,000 fún wíìlì kékeré, ₦16,000 fún irin àárín, ₦6,000 fún irinṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá kí ó máa fi ṣiṣẹ́, àti ₦5,000 owó iṣẹ́, tí Bàbá ní ó pọ̀ jù tí mo sì kọ̀ láti gbà padà. ₦55,500 ni. Tí mo bá ti wọn ṣéènì mi lákòókò, ₦11,500 nìkan ni ì bá jẹ́, pẹ̀lú irin àárín tí òjò bàjẹ́.

Láti oṣù kejì títí di oṣù keje ọdún 2025 tí mo kọ èyí, mo ti rin nǹkan bíi 2,000 kìlómítà lórí wọn. Ṣéènì kò tíì fò lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń dìde dúró lórí òkè Katampe báyìí láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kí orúnkún mi tó gbà pé kò séwu. Ohun kan tí n kò fẹ́ràn ni pé fríwíìlì yẹn ti ń yọ ìpẹtà díẹ̀ léyìí tó tóbi jù, oní-28, tí n kì í sábà lò, láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lójú eyín kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, kò sì dí i lọ́wọ́. Mo ń fi aṣọ ọlọ́ìlì nù ún.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo tún mú rúlà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo dojú kẹ̀kẹ́ dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹniọlá di ìdí rúlà mú fún mi sí àárín pínnì àkọ́kọ́, ó ń kà á sókè títí tó fi dé 25. Ó ti kúrò lórí ìlà 12 ní ìwọ̀n irun orí kan. Kò tíì tó ìlàjì 1/16. KMC míì ti wà nínú dúróò ibi iṣẹ́ mi, nínú páálí rẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tó máa kàn án.